Ìwé ọ̀fẹ́ tí mo máa ń ṣí kí n tó pe ìgbìmọ̀

Àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13 ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Virginia. Láti 2013 ni òfin ti ní kí àwọn ilé-ìwé ìjọba níbí ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìhalẹ̀ ọmọ ilé-ìwé wò. Ṣùgbọ́n ìgbà wo gan-an ni kí olùkọ́ pè wọ́n?

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í há bàtà àti ìwé rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tilẹ̀ yìn ín pé ọ̀làwọ́ ni. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n fi ọmọ mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù, ó ní òun máa pa gbogbo wọn. Kí a tó jẹun ọ̀sán tán, ó ti tọrọ àforíjì, síbẹ̀ wọ́n ní kó lọ fi ọjọ́ 10 jókòó sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá ọmọ àkọ́kọ́ rí lẹ́tà ìdágbére lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ó rí i lásìkò.

Ìwé Enhancing School Safety Using a Threat Assessment Model, tí Secret Service, àwọn tó ń ṣọ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní Oṣù Keje 2018 lórí bí ilé-ìwé ṣe lè dènà ìwà ipá, ló là mí lójú. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí a má dúró de ìhalẹ̀: bí ìwà ọmọ bá yí padà lójijì, tó bá ń dá wà, tó bá ń banú jẹ́, ó ti tó kí a bi í léèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun ìjà tàbí ìwà ipá, ó di ti ọlọ́pàá. Ó tún sọ pé kò sí ìrísí kan tí a lè fi dá ọmọ tó fẹ́ ṣe jàm̀bá mọ̀. Ọmọkùnrin mẹ́ta, aláwọ̀ dúdú, ni mo bí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀ yẹn.

Àwọn ìbéèrè inú ìwé náà ni mo fẹ́ràn jù. Ta ló sọ fún? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ lè tó ìbọn? Ṣé àgbàlagbà kan wà tó fọkàn tán?

Láti ya ọ̀rọ̀ ìbínú lásán sọ́tọ̀ sí ìhalẹ̀ tó dénú, ìlànà Dewey Cornell ti University of Virginia ni mo máa ń fi kún un.

Èdè ìwé Secret Service náà le, ó jọ ti ọlọ́pàá. Òbí tó ti Nàìjíríà dé tí ilé-ìwé bá fi irú èdè bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà sí, ẹ̀wọ̀n ló máa rò. Nítorí náà, mo máa ń kọ́kọ́ pè wọ́n fúnra mi: “Mọ́mì, ẹ má fòyà, a ò mú ọmọ yín. Ohun tó ń dùn ún la fẹ́ mọ̀.”