Linux Mint lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́: ohun tí mo rí ní Lágere

Linux Mint 22, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ẹ̀dà Xfce rẹ̀ tó fúyẹ́, ni mò ń lò báyìí ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kọ̀ǹpútà àgbà nílé gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ń fi í jẹun. Ó dára gan-an. Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún un, màá sì sọ ohun tó jẹ 2 tó kù.

Laptop tí mo gbé e sí jẹ́ Core i3 ìran kejì, RAM gìgábáìtì 4. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Microsoft sì ti fòpin sí àtìlẹ́yìn fún ìyẹn ní 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ò gbà á, torí ìran kẹjọ Intel sókè àti TPM 2.0 (èròjà ààbò inú kọ̀ǹpútà) ló ń bèèrè. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Mayfair wò ó títí, ó ní, “Àǹtí, eléyìí ti kú o. Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù, kẹ́ ẹ fowó kún un.” Ṣùgbọ́n kíbọọ̀dù rẹ̀ ṣì le, ojú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere. Kí ni mo fẹ́ tà á fún?

Fáìlì ISO Mint, èyí tẹ́ ẹ máa fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà, sún mọ́ gìgábáìtì 3, nítorí náà òru ni kẹ́ ẹ gbé e wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ yẹ sha256sum wò, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé fáìlì náà wọlé pé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já lè ba fáìlì jẹ́ láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ẹ ó kàn rí i pé iṣẹ́ dúró lágbedeméjì ni. Rufus, ètò kan lórí Windows, ni mo fi kọ ọ́ sórí flash. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ BIOS (ojú ètò tẹ́ ẹ máa ń ṣí bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn), ẹ gbé USB ṣáájú hard disk. Tí kò bá ṣì rí flash náà, ẹ wò ó bóyá Legacy ni kọ̀ǹpútà yín ń lò tàbí UEFI, ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà tàn, torí flash tẹ́ ẹ kọ fún ọ̀kan lè má ṣiṣẹ́ fún èkejì. Tójú bá ṣú dúdú lẹ́yìn àmì Mint, ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ mú “compatibility mode”.

Ọ̀rọ̀ iná ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Bátìrì laptop àtijọ́ kì í gbé iná dúró mọ́, bí NEPA bá sì mú iná lọ nígbà tó ń pín hard disk, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lè lọ. Mo kọ́kọ́ da iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi sórí hard disk mìíràn, mo sì fi ínfátà gbé laptop náà kí n tó tẹ “Install”.

Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo wá tẹ àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún: kò sí Wi-Fi. Kì í ṣe pé ó kọ̀ láti so, kò tilẹ̀ sí orúkọ Wi-Fi kankan níbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa dà sẹ́yìn, tí wọ́n á ní Linux ò dáa. Ohun tó ń fà á ni pé àwọn kan tó ń ṣe káàdì Wi-Fi ò fi kóòdù dírẹ́fà wọn (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lo káàdì náà) sílẹ̀ fún gbogbo ayé, nítorí náà ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa yàn án. Ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tan “USB tethering”. Mint á rí dátà fóònù náà láìbèèrè ohunkóhun. Ẹ wá ṣí “Driver Manager”.

Tèmi ò tíì tán níbẹ̀ o. “Driver Manager” ò rí nǹkan gbé wálẹ̀. Mo ṣí terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo tẹ sudo apt update kó lè wá àtúnṣe, ó sì kọ ọ́ síwájú mi pé “Release file is not valid yet”, ìyẹn ni pé ọjọ́ fáìlì náà ò tíì dé. Firefox náà ń kìlọ̀ fún mi lórí gbogbo ojúlé tí mo fẹ́ wọ̀. Mo gbójú wo aago: ọjọ́ tó ti kọjá tipẹ́ ló wà níbẹ̀! Bátìrì róbótó kékeré inú kọ̀ǹpútà, CR2032, ló ti kú, òun ló sì ń bá a rántí ọjọ́ tí wọ́n bá yọ iná. Ìwé ẹ̀rí tí ojúlé fi ń jẹ́rìí ara rẹ̀ ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá rò pé ọjọ́ yẹn ò tíì dé, kò ní gbà á wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Mint sábà máa ń tún aago ṣe fúnra rẹ̀, àmọ́ tèmi ò tètè ṣe é, mo bá fọwọ́ ara mi tún un ṣe. Ni “Driver Manager” bá dárúkọ dírẹ́fà náà. Mo yàn án, mo tún laptop tàn, orúkọ Wi-Fi gbogbo àdúgbò sì tò sílẹ̀ bẹẹrẹbẹ. Ọmọkùnrin Mayfair ló bá mi pààrọ̀ bátìrì náà, ó sì yá flash mi kó tó lọ.

Lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, Times New Roman 12 sì ni gbogbo wọn ń fẹ́. LibreOffice, tó ń ṣe iṣẹ́ Word lórí Mint, ń fi lẹ́tà Liberation Serif rọ́pò rẹ̀, ìbú lẹ́tà méjèèjì sì dọ́gba, nítorí náà ojú ìwé kì í sábà yí. Tábìlì ńláńlá tí wọ́n ti fi Word ṣe nìkan ló máa ń fọ́ nígbà mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyí: ẹ lọ sí “Keyboard”, ẹ ṣí “Layout”, ẹ wá Nigeria, ẹ ó bá Yorùbá níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ wà lábẹ́ ìka yín. Àwọn ọmọ tó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lédè Yorùbá máa ń gbé ìwé wá fún mi láti tẹ̀, tẹ́lẹ̀ ńkọ́, inú “Symbol” ni mo ti máa ń ṣa àmì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Máàkì 2 tí mo yọ wá dà? CorelDRAW, ètò tí a fi ń ya báńà, ò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Inkscape wà tó lè rọ́pò rẹ̀, ó sì dáa, ṣùgbọ́n fáìlì báńà tí oníbàárà bá gbé wá kì í ṣí bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin tó jẹ́ báńà àti káàdì ìpè lẹ̀ ń ṣe, ẹ má gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní. Bákan náà, tẹ́ ẹ bá ṣí ojúlé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gìgábáìtì 4 á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Kọ̀ǹpútà bíìtì 32 ò sì lè gbé Mint 22 rárá.

Àtúnṣe ààbò rẹ̀ á máa wá lọ́fẹ̀ẹ́ títí di 2029. Tówó bá wọlé, SSD, ibi ìkópamọ́ tó yá ju hard disk lọ, ló kàn tí màá rà fún laptop yìí, torí hard disk àtijọ́ inú rẹ̀ ló kù tó ń fa ìdádúró.