Mo dán WhatsApp, Signal àti Telegram wò lórí Wi-Fi: kí ni ẹni tó ni Wi-Fi ń rí gan-an?

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn fúngbà díẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. A jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, kálukú ń tẹ fóònù ẹ̀, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ o, Wi-Fi mi lẹ̀ ń lò, gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni mò ń rí." Wọ́n ń ṣàwàdà ni, àmọ́ ara mi ò balẹ̀ mọ́, torí ọ̀rọ̀ ilé tí mò ń wá kí n lè kó kúrò lọ́dọ̀ wọn ló kún inú WhatsApp mi, mi ò sì tíì sọ fún wọn.

Mo bá ní kí n fojú ara mi rí i. Mo sọ láptọ́ọ̀pù mi di hotspot, mo so fóònù mọ́ ọn, mo ṣí Wireshark (ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ohun tó bá ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá ló máa ń fi hàn), èmi náà wá di onílé, ìyẹn ẹni tó ni Wi-Fi, nìyẹn. Mo fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo fi fọ́tò, mo fi fóísì nóòtì, wúruwùru lásán ni mo rí, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí mo lè kà. Signal bẹ́ẹ̀, Telegram bẹ́ẹ̀. Ti WhatsApp ò yà mí lẹ́nu, láti 2016 ni wọ́n ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti orí fóònù ẹni tó kọ ọ́ dé orí fóònù ẹni tó máa kà á, ìlànà Signal náà ni wọ́n sì ń lò.

Ẹ má tíì jó ṣá o. Orúkọ áàpù wà níta gbangba, mo ń rí whatsapp.net, mo ń rí signal.org, mo ń rí àsìkò tí mo ṣí i àti bí dátà tó lọ ṣe pọ̀ tó. Kọ́ọ̀lù ló rọrùn jù láti dá mọ̀, ńṣe ló máa ń ṣàn gooro láìdáwọ́ dúró títí tẹ́ ẹ fi máa gé e. Èyí tó tún wá bà mí lẹ́rù ni pé nígbà tí mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp, àdírẹ́sì IP ẹ̀ (nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ibi tó ti wọlé mọ̀) hàn lójú láptọ́ọ̀pù mi kedere, torí fóònù méjèèjì ló ń bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ lọ sí Settings, Privacy, Advanced, ẹ tan èyí tó ní kó máa bo IP nínú kọ́ọ̀lù. Signal náà ní tiẹ̀. Mo tan án, IP yẹn pòórá, ohùn kàn ń pẹ́ dé díẹ̀ ni.

Ibi tí àṣírí mi ì bá ti tú ni líǹkì. Ẹnì kan fi líǹkì ilé tó fẹ́ gbé fún ayálégbé ránṣẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí sórí burausa, bí orúkọ sáìtì yẹn ṣe yọ sí mi lójú nìyẹn! Lóòótọ́ mi ò rí ojú ìwé tí mo ń wò, àmọ́ orúkọ sáìtì ilé nìkan ti tó fún ẹ̀gbọ́n tó bá gbọ́n. Ẹ lè fi VPN (áàpù tó ń ti dátà yín pa, tó ń gbé e gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ míì kọjá) bò ó o, ẹ kàn ti gbé e kúrò lójú onílé síwájú ẹni tó ni VPN ni.

Máàkì tèmi: Signal mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún, WhatsApp mẹ́rin, Telegram méjì àbọ̀. Onílé ò lè ka ti Telegram, àmọ́ ọ̀dọ̀ Telegram fúnra wọn lọ̀rọ̀ yín máa ń wà àfi tẹ́ ẹ bá lo Secret Chat (èyí tó ń ti ọ̀rọ̀ pa láti orí fóònù kan dé èkejì), ìyẹn ò sì sí fún gúrúùpù rárá.

Mo wá ní kẹ́gbọ̀n fi ojú ewé ráútà wọn hàn mí. Orúkọ fóònù wa àti iye dátà tí kálukú lò ló wà ńbẹ̀, kò sí nǹkan míì. Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ balẹ̀ nígbà tí mo yẹ Linked devices (ibi tí WhatsApp ti ń to àwọn ẹ̀rọ míì tó ṣí sí lórí) wò lórí fóònù mi, láptọ́ọ̀pù wọn tí mo yá fi tẹ CV jáde lóṣù tó kọjá ṣì wà ńbẹ̀, WhatsApp mi ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí ẹ̀. Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Wọn ò sọ bóyá wọ́n kà á, èmi náà ò sì bi wọ́n.