Àwọn Ìwé Àràmàǹdà Tí Mo Dì Ránṣẹ́ sí Àbúrò Mi ní Kẹ́bí

Àbúrò mi ń ṣe agùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kẹ́bí. Abúlé tí wọ́n gbé e lọ, iná ọba kò dé ibẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Àfi kó gun àpáta kan lẹ́yìn ilé ìwé kó tó lè pe ilé. Orí àpáta yẹn ló ti pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìwé fún mi. Irú èyí tó ní oṣó, tó ní dírágónì, tí wọ́n ń rin ìrìn-àjò tí kò lópin. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé mi ò ka irú ẹ̀ rí o."

Ó mọ ẹni tó ń bi. Fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe jẹun nítòsí géètì yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Bí iná bá lọ, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń pariwo pé "Àǹtí, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ o", tí ẹ bá gbọ́ tí obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ pé "Ẹ jẹ́ n dé ìsàlẹ̀ ojú ewé yìí ná", èmi nìyẹn. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń jẹ epo jẹnẹrétọ̀ mi.

Èyí tó kọ́kọ́ bèèrè ni mo kọ̀ fún un. A Game of Thrones tí George R. R. Martin kọ ló fẹ́, nítorí ó ti wo eré rẹ̀ tán lórí fóònù. Ìwé náà dára. Mo ti ka márààrún, mo sì ti ka èkíní lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ọdún 1996 ni èkíní jáde, ìkarùn-ún dé ní 2011. Nígbà yẹn, ṣòkòtò péńpé ni àbúrò mi ń wọ̀ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti wọ yunifásítì, ó ti jáde, ó ti wọ khákì, ìkẹfà kò tíì yọjú. Èmi ò lè ra gbèsè ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá mi.

Mo yọ The Wheel of Time náà sẹ́yìn. Òun ti parí ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ mẹ́rìnlá ni. Robert Jordan tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1990 kú ní 2007, Brandon Sanderson ló bá a parí rẹ̀ ní 2013 látinú àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ tó bá di àárín, bí ẹnì kan bá wọ balùwẹ̀, ogójì ojú ewé lè kọjá kó tó na ọwọ́ mú táwẹ̀lì.

Èyí tó lọ sí ìsàlẹ̀ páálí lákọ̀ọ́kọ́ ni A Wizard of Earthsea, tí Ursula K. Le Guin gbé jáde ní 1968. Tínrín ni. Ẹ̀dà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, kò tó igba ojú ewé, ó sì wọ àpò khákì. Ọmọ kan wà tó ń da ewúrẹ́ ní erékùṣù Gont. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu arábìnrin ìyá rẹ̀ tó mọ oògùn díẹ̀, òun náà sọ ọ́ sí àwọn ewúrẹ́, gbogbo wọn bá rọ́ tì í gbágbáágbá, wọn ò lọ mọ́. Ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn oṣó ní erékùṣù Roke, ìgbéraga wọ̀ ọ́, ó fẹ́ fi han ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé òun ju ú lọ, ó pe òkú, òjìji kan sì bá ibẹ̀ jáde tẹ̀ lé e. Ìyókù ìwé náà, òjìji ń lé ọmọ, títí ọmọ fi yíjú padà, tó ní òun náà yóò lé òjìji.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé ìwé yìí yẹ ọmọ Yorùbá ju èyíkéyìí lọ ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní Earthsea, gbogbo nǹkan ló ní orúkọ gidi ní èdè àtijọ́. Ẹni tó bá mọ orúkọ gidi ohun kan, ọwọ́ rẹ̀ ti ká a. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń pa orúkọ gidi mọ́, tí wọ́n ń fi àdàpè rìn láàrin ìlú. Ged ni ọmọ yìí ń jẹ́ gan-an, Sparrowhawk ni ayé ń pè é. Ta ni a fẹ́ máa ṣàlàyé ìyẹn fún nínú wa? Ẹni tó bá ti jókòó ti ẹni tó ń pọfọ̀ rí mọ̀ pé orúkọ tí ewé ń jẹ́ nígbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè kí ewé tó dáhùn. Bàbá bàbá wa tó jẹ́ ọdẹ kì í pe ejò ní ejò lálẹ́, okùn ilẹ̀ ni. Mo ka ìwé náà dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ nínú ilé ìṣọ́ kan, mo gbé e sílẹ̀, mo rẹ́rìn-ín.

Ged kì í sì í ṣe òyìnbó. Àwọ̀ bàbà ni tirẹ̀, Vetch ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúdú. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ya òyìnbó sí èèpo ẹ̀yìn ìwé náà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n ní 2004, òyìnbó ni wọ́n fi ṣe Ged, Le Guin fúnra rẹ̀ sì bínú sí i ní gbangba. Òyìnbó ló wà lórí ẹ̀dà tèmi náà. Mo fi bírò kun ojú ẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́.

Àléébù rẹ̀: obìnrin kò ní àyè púpọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin nìkan ló ń wọ ilé ẹ̀kọ́ Roke, wọ́n sì ń fojú kéré idán obìnrin. Le Guin rí i nígbà tó yá, ó padà wá tún un wò nínú Tehanu ní 1990. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tehanu kì í ṣe ìwé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kejì, nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, ṣe ni àbúrò mi pòṣé: "Ẹ̀gbọ́n, ìwé wáẹ́ẹ̀kì kẹ̀?" Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ni. Mo ní kó dákẹ́. Òkè-Igbó tí D. O. Fágúnwà ti wá kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọdún 1938 ni ìwé náà jáde. J. R. R. Tolkien gbé The Hobbit jáde ní 1937. Ẹ ronú wò ó: ọdún kan péré ló wà láàrin wọn, ẹnì kan jẹ́ ọmọ Òkè-Igbó, ẹnì kan wà ní Oxford, àwọn méjèèjì ń rán ènìyàn lọ síbi tí wọn ò ní bá ìyá wọn. Nínú ìwé Fágúnwà, ọba ní kí Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Lángbòdó. Méje ni wọ́n, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: Kàkò oníkùmọ̀ ẹkùn, Ẹfọ́yẹ tafàtafà, Olóhùn-iyọ̀ ọ̀gá olórin, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀ tó gbọ́ èdè ẹranko. Ẹni tó bá ti rí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án tí Tolkien kó jọ nínú The Lord of the Rings mọ irú adùn tí mò ń wí. Àti Àgbákò, olójú mẹ́rìndínlógún! Mi ò tíì rí ẹ̀dá inú ìwé òyìnbó tó dẹ́rù bà mí ní kékeré tó o.

N ò ní tan yín jẹ, ìwàásù pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje, ẹ mú ìjókòó tó nírọ̀rí, nítorí ọjọ́ méje gbáko ni bàbá yẹn fi ń wàásù bí pásítọ̀ alẹ́ ìṣọ́ òru. Mo sọ fún àbúrò mi pé tó bá fẹ́, kó fò ó. Ìyá wa gbọ́, ó ní mò ń ba ọmọ jẹ́.

Ẹ̀kẹta ni The Lord of the Rings ti Tolkien yẹn kan náà, ìdìpọ̀ mẹ́ta, 1954 sí 1955. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi parí, torí wọn ò kọjá ọgọ́rùn-ún ojú ewé. Bilbo ṣe ọjọ́ ìbí ọdún mọ́kànléláàádọ́fà, wọ́n jẹun, wọ́n mu, ó sì tó ọdún mẹ́tàdínlógún kí Frodo, tí ìtàn náà dá lé, tó gbéra nílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Tom Bombadil tún dé, orin ni tọ̀sán tòru. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan fún àbúrò mi: "Máa kà á lọ títí o fi dé ilé ọtí ní Bree. Tí o bá dé Bree tí kò bá tíì wọ̀ ọ́ lára, gbé e sílẹ̀, n ò ní bínú." Ìmọ̀ràn mìíràn: ẹ má ra ayédèrú. Ìdìpọ̀ kejì tèmi, ẹnì kan tà á fún mi ní ₦3,500, ìgbà tí mo dé àárín ni mo rí i pé ojú ewé méjìlélọ́gbọ̀n ti fò. Èmi tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì! Mo ní láti yá ti ọ̀rẹ́ mi kí n fi dí ihò náà.

Mistborn ti Brandon Sanderson, mo fi kún un torí pé àbúrò mi fẹ́ràn géèmù. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń gbé irin mì, wọ́n ń sun ún nínú ara wọn, irin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára tirẹ̀, òfin rẹ̀ sì mọ́ bíi ti bọ́ọ̀lù. Mẹ́ta àkọ́kọ́, 2006 sí 2008, parí ìtàn tiwọn. Gbólóhùn rẹ̀ kò dùn létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò ní lè gbé e sílẹ̀.

Children of Blood and Bone ti Tomi Adeyemi, 2018, ni mo rò títí. Àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń pọfọ̀ nínú ìwé náà. Ó ń sáré, ó gbóná. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa, á rí Ìlọrin létí òkun, tí àwọn apẹja ń gbé lórí omi! Mo kà á fún oníbàárà mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ó ní kí n bá òun bi òǹkọ̀wé náà níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra. Mo fi ránṣẹ́ ṣá. Ìwé mẹ́ta ni, ìkẹta dé ní 2024, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ju èkíní lọ tí kò bá wù ú.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, mo fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ló gbà. Le Guin, alẹ́ méjì ló fi parí rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Fágúnwà ń lọ díẹ̀díẹ̀, ó ní òun ń kà á sókè fún àwọn agùnbánirọ̀ méjì tí wọ́n jọ ń gbé, ọ̀kan jẹ́ ọmọ Ìdànrè, èkejì jẹ́ Tiv tí kò gbọ́ Yorùbá, tó ní kí wọ́n ṣáà máa túmọ̀ ibi tí Àgbákò wà.

Lánàá ló tún gun àpáta. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé Bree. Ọkùnrin kan wà ní igun ilé ọtí tó bo orí, Strider ni wọ́n ń pè é. Àdàpè nìyẹn, àbí? Kí lorúkọ ẹ̀ gan-an? Ṣé kí wọ́n bá a lọ?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège, mo sì gé fóònù.