Gíà TKX lábẹ́ Chevelle 1970 mi: gíà àti eyín ẹ̀yìn, ìṣirò kan ṣoṣo ni

Chevelle 1970 ni ọkọ̀ mi, V8 350 ni ẹ́ńjìnì rẹ̀. Nígbà tí mo rà á, gíà máńúà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, Muncie M20, ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì ti ki eyín 4.10 bọ dífẹ́rẹ́ńṣà 12-bolt tó wà lẹ́yìn. Ẹ tẹsẹ̀ mọ́ ọn láti ojú kan, á fò bí ẹtu. Àmọ́ ẹ gbé e dé ojú ọ̀nà márosẹ̀: ní máìlì 70 ní wákàtí kan, pẹ̀lú táyà tó ga ní íǹṣì 26, ẹ́ńjìnì yẹn á máa yí nígbà 3,700 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ìyàwó mi á jókòó wákàtí méjì láì bá ara wa sọ nǹkan kan, torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Tá a bá sọ̀ kalẹ̀, etí wa á ṣì máa hó.

Èrò mi ni pé kí n yọ 4.10 yẹn, kí n fi 3.08 sí i, kí ariwo rọlẹ̀. Owó ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi nígbà tí ọ̀gá mẹkáníìkì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní kí n mú bíírò àti ìwé wá. Ó ní, "Ṣírò ó ná." Eyín 4.10 túmọ̀ sí pé pùròpélà á yí nígbà 4.10 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Gíà kìíní M20 jẹ́ 2.52, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnì á yí nígbà 2.52 kí pùròpélà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìgbà 4.10, ẹ ó rí 10.3, agbára tí ọkọ̀ fi ń gbéra nìyẹn. Tó bá jẹ́ 3.08, ó já sí 7.8. Kílọ́ọ̀ṣì ni mi ò bá máa sun kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ọ̀gá wá wò mí, ó ní, "Ẹ̀yìn kọ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Gíà kẹrin rẹ dúró sórí 1, kò sí ibòmíì tó o lè bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ TKX, gíà máńúà tí ilé iṣẹ́ TREMEC ń ṣe. Ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ni, ó sì lè gba agbára ìyí tó tó 600 pound-feet. Ẹ́ńjìnì tèmi kò sún mọ́ iye yẹn rárá. Mo mú èyí tí gíà kìíní rẹ̀ jẹ́ 2.87, tí ìkarùn-ún jẹ́ 0.68, mo sì pa á pọ̀ mọ́ eyín 3.73. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: 2.87 ní ìgbà 3.73 jẹ́ 10.7. Ọkọ̀ wá ń gbéra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀, síbẹ̀ ní máìlì 70, nínú gíà karùn-ún, ẹ́ńjìnì kò yí tó 2,300 mọ́. Tí mo bá ra gíà lónìí, tí mo ra eyín lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò ní rí àdàpọ̀ yẹn.

Mo wo T56 Magnum náà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni, ó lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó sanra, wọ́n á gé irin ilẹ̀ ọkọ̀ kó tó wọlé, ọkàn mi kò sì gbà kí wọ́n fi ayùn kan irin tó ti wà láti 1970. Ní ti 700R4 tó jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì, láti 3.06 ló ti ń já sí 1.63 nínú gíà kejì. Àlàfo yẹn pọ̀ jù fún mi.

Ibi tí mo ti fara gbá kìíní ni káríà, irin inú dífẹ́rẹ́ńṣà tí wọ́n ń de eyín mọ́. Eyín 3.73 dé, a tú ẹ̀yìn ọkọ̀, kò bá ibẹ̀ mu. Káríà 12-bolt tó ń gba 4.10 yàtọ̀ sí èyí tó ń gba 3.73, ẹni tó tà á fún mi kò sì béèrè èyí tí mo ní. Mo ní láti ra káríà tuntun, mo bá kúkú ra posi, èyí tó ń jẹ́ kí táyà méjèèjì fà pọ̀. Tí ti yín náà bá jẹ́ posi tó ní àwo kílọ́ọ̀ṣì nínú, ẹ má gbàgbé láti da àdàlù posi mọ́ epo rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ké ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn. Kẹ́ ẹ tó gbé gíà tuntun sókè, ẹ wọn ilé kílọ́ọ̀ṣì, bellhousing. A lẹ géèjì olójú aago mọ́ fulaiwíìlì, a gbé ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé etí ihò àárín ilé kílọ́ọ̀ṣì, mo wá ń fi sípánà yí ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọ̀gá ń fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Abẹ́rẹ́ náà rìn láti òdo dé 0.014 íǹṣì, ó sì padà. Iye tí a fàyè gbà kò ju 0.005 lọ. Ìdajì ohun tí géèjì bá kà ni ihò fi kúrò lójú àárín gangan, nítorí náà èèkàn irin tí orí rẹ̀ fi 0.007 íǹṣì yẹ̀ kúrò láàárín la rà, a fi rọ́pò àwọn èèkàn méjì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, a yí wọn síhà tó yẹ, a tún un wọ̀n: 0.002. Ọ̀pọ̀ gíà tí wọ́n ń ní ó ń há tàbí pé bẹ́árìn rẹ̀ tètè kú, ibí yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbé e jáde, ó dùn títí mo fi dé máìlì 60. Ni ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, dígí tí mo fi ń wẹ̀yìn gbọ̀n débi pé iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn di mẹ́ta. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni. Gíà dà sísàlẹ̀ ní dígírì 3, àmọ́ imú dífẹ́rẹ́ńṣà dà sókè ní dígírì 1 péré, ó sì yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Apá òkè tó ṣeé nà, irin tó so dífẹ́rẹ́ńṣà mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, la fi gbé imú náà dé 2.5, ìgbọ̀nrìrì yẹn sì lọ pátápátá. Ẹ wọn gígùn pùròpélà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí táyà rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ń rọ̀ dirodiro.

Ní báyìí, ọwọ́ kan ni mo fi ń yí gíà, ó máa ń wọlé pẹ̀lú ìró kékeré kan tó dùn mọ́ mi nínú. Mo sì ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní máìlì 45, ẹ má bọ́ sí gíà karùn-ún: ẹ́ńjìnì kò ní yí tó 1,500, á máa kérora. Àbúrò mi tó ní Camaro 1969 gbé tèmi wò, òun náà sì fẹ́ 0.68. Mo kọ̀ fún un, torí camshaft ńlá, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì, ló wà nínú tirẹ̀, irú ẹ̀ kì í fẹ́ràn kó máa rìn nísàlẹ̀ 2,000. Èyí tí ìkarùn-ún rẹ̀ jẹ́ 0.81 ló wá rà. Ó ti dé, ọjọ́ Sátidé la máa lẹ géèjì mọ́ fulaiwíìlì rẹ̀.