Famicom, MSX2, PC Engine, X68000: Èwo ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rà?

Ẹ̀rọ géèmù àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ láti Jàpáànù ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: orí kí ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yìí ti ń jèrè? Èyí tó ń jèrè lórí kásẹ́ẹ̀tì géèmù kì í fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, kó lè wọlé púpọ̀. Èyí tó ń jèrè lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á kó gbogbo ohun tó dára sí i nínú, á wá gbówó lé e. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, síbẹ̀ ìyàtọ̀ yìí ló ṣì ń sọ iye tí ẹ ó san fún tòkunbọ̀ Jàpáànù, òun náà ló ń sọ iye ìgbà tí ẹ ó gbé e lọ bá oníṣẹ́.

Famicom

Kyoto ni Nintendo wà, káàdì hanafuda ni wọ́n sì ń ṣe láti 1889. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje 1983, wọ́n gbé Famicom jáde ní yen 14,800. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Sega gbé SG-1000 tirẹ̀ jáde ní yen 15,000. Owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Ricoh ṣe ṣíípù àwòrán kan fún Famicom tó ń jẹ́ kí gbogbo ojú ìran máa yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti SG-1000 máa ń fò ni. Láti 1984 ni Hudson àti Namco, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, ti ń ṣe géèmù fún Famicom, tí Nintendo sì ń gba tirẹ̀ nídìí rẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù 19 tí wọ́n tà ní Jàpáànù nìkan, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣòro rí títí di òní. SG-1000, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ.

Páàdì Famicom àkọ́kọ́, èyí tó pupa tó sì funfun, kò ṣe é yọ: bí wáyà bá já, àfi kí ẹ tú ikùn ẹ̀rọ. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde pátápátá ní bọ́tìnì rọ́bà onígun mẹ́rin tó máa ń há. Ihò eríàlì nìkan ló ní, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì Jàpáànù tí tẹlifíṣàn tiwa kì í sábà rí. Èyí tó jáde ní 1993 ni kí ẹ wá: ó ní ihò AV tí wáyà àwòrán àti ohùn ń wọ̀ tààrà, páàdì rẹ̀ sì ṣe é yọ. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ̀ pé "kásẹ́ẹ̀tì" ni àwọn ará Jàpáànù náà ń pe géèmù rẹ̀, bíi tiwa. Ọ̀pọ̀ géèmù tí a ń so mọ́ tẹlifíṣàn nílé láyé 1990, Famicom ayédèrú ni. Kásẹ́ẹ̀tì wọn eléyín 60 máa ń wọ Famicom gidi. Ti Amẹ́ríkà, eléyín 72, kò lè wọ̀ ọ́. Bí màmá yín bá ṣì ní wọn nínú páálí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù.

MSX2

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì fi pamọ́. Ní 1983, Kazuhiko Nishi ti ilé-iṣẹ́ ASCII pẹ̀lú Microsoft gbé ìlànà kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ MSX kalẹ̀ tí Sony, Panasonic, Sanyo, Toshiba àti Yamaha jọ tẹ̀ lé. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà fún ti Sony á ṣiṣẹ́ nínú ti Sanyo. Ẹ tan án, kò gbèrò rárá, BASIC, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ti dé ojú ẹ̀rọ, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tirẹ̀. MSX2 tẹ̀ lé e ní 1985. Nígbà tó di 1986, Panasonic ń ta FS-A1 ní yen 29,800, owó Famicom méjì péré fún kọ̀ǹpútà odindi pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù. Orí MSX2 yìí ni ilé-iṣẹ́ Konami ti bẹ̀rẹ̀ géèmù Metal Gear ní 1987. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gba owó orí kásẹ́ẹ̀tì bíi Nintendo, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń bá ara wọn jìjà ẹ̀dínwó títí tí wọ́n fi kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí turbo R, MSX tó jáde kẹ́yìn, dé ní 1990, Panasonic nìkan ló kù.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Brazil lè má nílò láti ránṣẹ́ sí Jàpáànù, torí ilé-iṣẹ́ Gradiente ṣe MSX tirẹ̀, Expert, níbẹ̀. Tó bá jẹ́ Panasonic oní-fílọ́pì lẹ fẹ́, rọ́bà tó ń yí dísìkì á ti yọ́. Kò wọ́n láti pààrọ̀.

PC Engine

NEC, tó ti ń ta kọ̀ǹpútà PC-8001 láti 1979, ló tà á. Hudson ti Sapporo ló ronú rẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá 1987, yen 24,800. Géèmù rẹ̀ dà bíi káàdì ATM. Ó kéré, ó yára, ó rẹwà. Ẹ yẹra fún funfun àkọ́kọ́, torí eríàlì nìkan ló ní. CoreGrafx, PC Engine tó jáde ní 1989, ní AV. Apá síídì rẹ̀, èyí tó jáde ní 1988, ju ìlọ́po méjì owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

X68000

Sharp, 1987, yen 369,000. Famicom 24 wà nínú owó yẹn, ṣẹ́ńjì á sì kù. Ṣíípù Motorola 68000 tó ń sáré ní 10 MHz, mẹ́mọ́rì 1 MB, géèmù Gradius sì bá a wá nínú páálí. Bí ẹ bá rí i tó dúró bí ilé gogoro méjì, ọkàn yín á fà sí i. Ẹ mú sùúrù. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń jò, omi rẹ̀ á sì jẹ pátákó wáyà. Tí wọn ò bá tíì pààrọ̀ wọn, ẹ ṣírò owó oníṣẹ́ mọ́ owó ọjà.

Iná

Iná Jàpáànù jẹ́ fóltì 100, tiwa 230 sí 240. Inú ikùn ni páwà ọ̀pọ̀ MSX àti X68000 wà: ẹ má ṣe kì wọ́n bọ iná tààrà, ẹ ra tiransífọ́mà tó ń mú iná wálẹ̀. Ádáptọ̀ ni Famicom àti PC Engine ń lò, nẹ́gẹ́tífù ló sì wà láàárín orí wáyà rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé pọ́sítífù ló sábà máa ń wà láàárín ti ọjà wa. Mo ra ádáptọ̀ kan lọ́jà láìwo àmì yẹn. Òórùn kan ṣoṣo ló jáde, PC Engine mi kò tún tàn mọ́. Ó dùn mí títí di òní.

Bí ẹ bá rí "janku" lára ọjà, ìyẹn ni pé ẹni tó ń tà á kò ṣèlérí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ ní kó ya àwòrán inú ẹ̀rọ náà ránṣẹ́. Bó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.