Pọ́ǹpù táyà tó ṣeé gbé kiri: oníwáyà, oníkílíìpù, oníbátìrì àbí ẹlẹ́sẹ̀?

Ohun àkọ́kọ́ tí ontajà máa fi hàn yín ni nọ́ńbà gàdàgbà tó wà lára páálí: 150 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó). Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn wọ̀ yín lójú. Táyà Corolla tàbí Camry kì í sábà gbà ju 30 sí 35 psi lọ, kí lẹ wá fẹ́ fi 150 ṣe? Pọ́ǹpù kékeré Xiaomi tí ọwọ́ kan lè gbá mú kọ 150 psi sára. VIAIR 88P, tó jẹ́ pé orí bátìrì ọkọ̀ gan-an ló ti ń fa iná, tí àwọn onijíìpù sì fi ń fẹ́ táyà ńláńlá, 120 psi péré ló kọ. Ẹ gbé àwọn méjèèjì síwájú táyà Prado tó ti rọ̀: ẹni 120 á ti parí iṣẹ́ kí ẹni 150 tó rìn jìnnà.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ontajà ni pé, lítà afẹ́fẹ́ mélòó ló ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan, ibo ló sì ti ń rí agbára? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Inú táyà ọkọ̀ kékeré, irú 195/65 R15, gba nǹkan bíi 30 lítà. Bó bá ti rọ̀ pátápátá, á mu bíi 65 lítà afẹ́fẹ́ sí i kó tó dé 32 psi. Pọ́ǹpù tó ń tú 35 lítà jáde ní ìṣẹ́jú kan á parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì lórí ìwé, àmọ́ bí táyà bá ṣe ń le ni pọ́ǹpù ń lọ́ra, ẹ kúkú fi í sí mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó ń tú 12 tàbí 15 jáde, ẹ wá ibi jókòó sí.

Oníwáyà

Èyí ló pọ̀ jù lọ́jà, òun náà sì ni màá kọ́kọ́ nawọ́ sí fún ẹni tó ń gun ọkọ̀ kékeré. Inú ihò iwájú ọkọ̀ tí ẹ ń ki ṣájà fóònù bọ̀ ló ti ń mu iná. Kò ní bátìrì tó máa kú sínú búùtù, kò sì fẹ́ iná NEPA. Àbùkù rẹ̀ ni pé ihò yẹn níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Fíúsì tó ń ṣọ́ ọ kì í sábà ju áǹpù 10, 15 tàbí 20 lọ, bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù 120 wáàtì ń fa áǹpù 10 nínú ọkọ̀ oní-fólítì 12. Nítorí náà, bí ontajà bá ní oníwáyà tòun ń fẹ́ táyà tirélà, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ máa lọ. Iná ọ̀pọ̀ tirélà gan-an, fólítì 24 ni. Pọ́ǹpù fólítì 12 tẹ́nì kan bá ṣì so mọ́ ọn, ó lè jóná.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ yẹ ihò yẹn wò nínú ọkọ̀ tiyín. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀, fíúsì ibẹ̀ ti jó kí ọkọ̀ tó dọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún, kò sì séèyàn tó mọ̀. Ẹ ki ṣájà fóònù bọ̀ ọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, fíúsì lẹ máa kọ́kọ́ rà, kì í ṣe pọ́ǹpù. Ẹ fojú wọn wáyà rẹ̀ pẹ̀lú, láti iwájú ọkọ̀ títí dé táyà ẹ̀yìn lódìkejì. Wáyà mítà mẹ́ta pẹ̀lú róbà pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ sábà máa ń tó Corolla. Fún Sienna, ẹ béèrè èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò náà, nítorí ibẹ̀ ni ìnira máa ń wà. Ọ̀kan wà tí à ń yí mọ́ fáàfù bí ìdérí ìgò, òmíràn wà tí à ń tì wọlé ká tó tẹ irin kékeré orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí à ń yí kì í ṣàdédé yọ, àmọ́ bí ẹ bá ń tú u, afẹ́fẹ́ á máa sá fììì. Ẹ fi psi kan tàbí méjì lé e kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Idẹ ibẹ̀ sì máa ń gbóná lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi àkísà dì í mú.

Oníkílíìpù

Fún jíìpù, Hilux àti Hiace, ẹ má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí èyí tí à ń ki bọ ihò. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kílíìpù pupa mọ́ orí bátìrì tó ní àmì +, dúdú mọ́ èkejì. Bó ṣe jẹ́ pé kò gba inú fíúsì ihò yẹn, ó lè fa iná tó pọ̀ ju ti oníwáyà lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ́ kó tó béèrè ìsinmi. Ó wúwo, ó wọ́n. Fún Corolla tó ń lọ ibi iṣẹ́ tó ń bọ̀ wálé, àṣejù ni.

Oníbátìrì

Ìfẹ́ àkọ́kọ́rí ni ti èyí. Kò sí wáyà tó ń dí ni lẹ́sẹ̀, ẹ tẹ 32, ẹ tẹ bọ́tìnì, ó dé ibẹ̀ ó dúró fúnra rẹ̀, iná tọ́ọ̀ṣì sì wà lórí rẹ̀ fún òru. Fún ẹni tó kàn fẹ́ fi psi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láràárọ̀ Sátidé, kò sí èyí tó rọrùn tó o.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀ gan-an kì í ṣe Sátidé. Ọ̀sán gangan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí ṣáájì rẹ̀. Ooru inú ọkọ̀ tá a gbé sínú oòrùn sì jẹ́ ọ̀tá bátìrì lithium. Bó bá ń sùn nínú búùtù ní gbogbo ọdún, agbára rẹ̀ á máa dínkù. Ẹni tó bá lè máa gbé e wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, kó rà á. Ẹni tí fóònù rẹ̀ máa ń kú sọ́wọ́ lójoojúmọ́, kó má wulẹ̀ tan ara rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ní wáyà fólítì 12 lọ́tọ̀, tó bá dọjọ́ tí bátìrì kú, ẹ ki í bọ ihò. Bó bá jẹ́ oníbátìrì lọkàn yín fẹ́, irú ìyẹn ni kí ẹ wá.

Bó bá jẹ́ ará London ni yóò bá yín gbé e bọ̀, ẹ kìlọ̀ fún un pé, nítorí bátìrì lithium rẹ̀, báàgì ọwọ́ ni kó wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n máa gbé sí ìsàlẹ̀ bàálù.

Ẹlẹ́sẹ̀

Ẹsẹ̀ lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́, kò ní fíúsì, kò ní ṣáájì. Ẹ ra èyí tó ní ọ̀pá méjì tó ń ti afẹ́fẹ́, torí èyí tó ní ọ̀pá kan ṣoṣo á mú yín làágùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó dáa gan-an fún ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù, ó sì lè gba ọkọ̀ kékeré là. Fún jíìpù, rárá.

Tó bá di lílò

Iye tó yẹ kí táyà gbà wà lórí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Nọ́ńbà ara táyà, bíi 44 tàbí 51, ìyẹn ni òpin tí táyà náà lè gbà, kì í ṣe iye tí ọkọ̀ yín ń béèrè. Bẹ́ ẹ bá rí 220 kPa tàbí 2.2 bar níbẹ̀, 32 psi náà ni. Kì í ṣe gbogbo fọ́kánáísà ló ń wo ìwé yìí. Àwọn mìíràn á fẹ́ ẹ dé 40, wọ́n á ní ìrìn ọ̀nà jíjìn lẹ fẹ́ lọ. Táyà tó le jù kì í fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kì í sì dì mọ́ ọ̀nà dáadáa bójò bá rọ̀. Èyí tó rọ̀ jù tún burú jù: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa wọlé á máa jáde bó ṣe ń yí, á gbóná, ibẹ̀ ló sì ti ń bẹ́ lórí eré.

Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó jáde, tàbí lẹ́yìn tó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta. Bí ooru táyà bá fi nǹkan bíi dígíìrì márùn-ún sí mẹ́fà lọ sókè, psi kan ló ń gun orí rẹ̀. Fún ìdí yìí, ẹ má tú afẹ́fẹ́ kúrò nínú táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà dé nítorí pé géèjì kọ 36.

Ẹ ṣáná sí ọkọ̀ kí ẹ tó tan oníwáyà tàbí oníkílíìpù, kó má fa bátìrì gbẹ. Ìta gbangba sì ni kó ti jẹ́, kì í ṣe inú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èéfín ọkọ̀ ń pani bí ti jẹnẹrétọ̀. Bí ìwé pọ́ǹpù bá ní kó sinmi lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó sinmi lóòótọ́. Géèjì ara pọ́ǹpù olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ṣeé gbára lé. Ẹ ra géèjì kékeré lọ́tọ̀, ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ fi òun wọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bí àwọn fọ́kánáísà ti ń ṣe: ẹ fi itọ́ díẹ̀ kan ojú fáàfù. Bó bá ń hó, fáàfù ló ń jò, ẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ṣòfò ni.

Bí ìṣó bá wà lára táyà, ẹ má fà á yọ lójú ọ̀nà. Òun gan-an ló dí ihò náà díẹ̀. Ẹ fẹ́ táyà náà, kí ẹ rọra wà á dé ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà tó sún mọ́ jù. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti fi táyà tó rọ̀ pátápátá rìn jìnnà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ha tàbí tí róbà dúdú ti ń bu nínú, ẹ má fi pọ́ǹpù kankan kàn án. Sípíà ló kàn. Ẹ wo òun náà nígbà tí pọ́ǹpù bá wà lọ́wọ́ yín: sípíà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wá, 60 psi ló sábà máa ń gbà, kì í ṣe 32.