Àwọn tó ṣe onídùúró fún Bọ̀dá Kókó

Iyán ni mò ń tà, kò jìnnà sí Ẹrẹ́jà, ní Iléṣà níbí. Ọdún kẹtàlélógún rèé. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré. Kókó kan ṣoṣo lẹ́nu oníbàárà ti tó kí ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì lọ́la. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ tó ń gún iyán fún mi gba Èkó lọ láì dágbére, wàhálà dé. Èmi fúnra mi gún un fún ọjọ́ mẹ́rin, èjìká mi ò gbàgbé.

Ọkùnrin kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó wà nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ àwọn onígbàgbọ́ kan lọ́nà Ìsọ̀kùn, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ fún àwọn tí kò nílé. N kò ní dárúkọ wọn, àwọn náà ò fẹ́ ariwo. Ó ní àwọn ní ẹnì kan tí apá rẹ̀ le. Mo bi í pé níbo ni ẹni náà ń gbé.

"Lọ́dọ̀ wa ni, Màmá. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, iwájú ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn ní gáréèjì."

Ara mi ò gbà á. Àwọn tó ń sùn ní gáréèjì yẹn, ojú kan náà ni gbogbo wa fi ń wò wọ́n: ẹni tí kì í ṣe wèrè, olè ni. Ṣùgbọ́n èjìká ń dùn mí. Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ ná.

Mo lọ lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn. Yàrá mẹ́rin ni, bẹ́ẹ̀dì onírin, òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹnì kan ń gẹ irun fún ẹnì kejì lábẹ́ igi máńgòrò, aṣọ tí wọ́n fọ̀ kún orí okùn. Wọ́n ń gbàdúrà láàárọ̀, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Èyí ò ya èmi lẹ́nu, ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún Kérésìmesì? Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kí wọ́n tó wá iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bá a ṣe. Ẹni tí kò ní nọ́ńbà 11 yẹn kò lè forúkọ ara rẹ̀ gba sìímù. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń béèrè ilé tí èèyàn ń gbé. Ta ló fẹ́ kọ "iwájú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀" síbẹ̀? Àdírẹ́sì tiwọn ni wọ́n ń yá wọn lò.

Mo bi ọkùnrin náà níbo ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ó ní ti àwọn kọ́ ni. Ó ní William Booth, ẹni tó dá ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ Salvation Army sílẹ̀, ti ṣí ọ́fíìsì tí ń wá iṣẹ́ fún àwọn aláìríṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1890, ọgbọ̀n ọdún kí ẹgbẹ́ náà tó dé Nàìjíríà ní 1920. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ó má gbàgbé pé Wòlíì Babalọlá, tí ìsọjí rẹ̀ kún Òkè-Ooye wa níbí fọ́fọ́ ní 1930, katakata tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà kí Olúwa tó pè é. Òṣìṣẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ ti wàásù fún mi, Màmá."

Lẹ́yìn náà ló mú lẹ́tà jáde, lẹ́tà yẹn sì ni mo torí ẹ̀ ń kọ èyí. Níbí, ta ló ń gba òṣìṣẹ́ láìsí onídùúró? Ẹni tí ẹbí ti kọ̀, ta ni yóò dúró fún un? Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti máa ń dí. Ojú ìwé kan péré ni lẹ́tà náà, òǹtẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ rẹ̀, orúkọ èèyàn méjì, nọ́ńbà fóònù méjì. Bí ó bá jí nǹkan, àwọn ni kí n pè. Bí ó bá sá, àwọn ni. Bí ó bá ṣàìsàn, àwọn náà ni.

Ọmọ òṣómàáló ni mí. Àwìn ni bàbá bàbá mi ń ta aṣọ, yóò sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. N kì í gba ìwé lásán. Mo ní, "Bó bá kó owó mi lọ ńkọ́, ṣé ẹ ó san án?"

"A ó san án, títí dé 50,000 náírà. Tó bá ti ju ìyẹn lọ, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àpótí owó síwájú rẹ̀."

Bó bá sọ pé "kò lè ṣẹlẹ̀ lágbára Ọlọ́run" ni, ǹ bá ti padà sílé.

A fa owó iṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ 70,000 lóṣù, iye tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024. Mo ní èèyàn mẹ́fà péré ló ń bá mi ṣiṣẹ́, òfin yẹn ò sì de ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Ẹnu ya ọkùnrin náà pé mo mọ̀ ọ́n. Oníyán kì í ṣe òpè! A fẹnu kò sí 2,000 lójúmọ́ àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún rí irú ọjọ́ Ajé bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọmọ-odó sókè bí ẹni tó fẹ́ la ilẹ̀ sí méjì, iṣu ta sára ògiri, ó ta sínú ẹ̀fọ́. Kò mọ̀ pé a kì í fi agbára bẹ̀rẹ̀ iyán. Èèyàn á kọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ odó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi rún, ẹ̀yìn ìyẹn ni ọwọ́ á tó ròkè, tí omi gbígbóná á máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni abọ́ àkọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Ó yọ kókó méje, ó tò wọ́n sí etí abọ́ bí ọmọ ayò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bọ̀dá Kókó. Kò bínú. Ó gbé abọ́ náà, ó dà á padà sínú odó, ó tún un gún.

Ẹ̀ẹ́, àléébù wọn wà. Ọjọ́rú, aago kan ọ̀sán, tí èèyàn ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi, àwọn arákùnrin méjì á gbé Bíbélì dé, wọ́n ní àwọn wá "bẹ arákùnrin àwọn wò". Wákàtí kan gbáko! Mo fara dà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì mo ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n ra iyán tàbí kí wọ́n padà wá ní aago márùn-ún. Wọ́n ra iyán. Ọ̀sẹ̀ kẹta, aago márùn-ún ni wọ́n dé.

Ọ̀rọ̀ owó náà fa ìjà. Àjọ ni wọ́n ń dá fún wọn, ìdajì owó ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè fi gba yàrá. Èmi ní owó ẹni kì í wà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Lọ́jọ́ Sátidé kẹta, mo ka 12,000 náà pé sọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé, n kò rí i.

Gbogbo ọjà ló ní "a ti sọ fún ọ". Mo pe nọ́ńbà inú lẹ́tà ní aago méje àárọ̀, kò dún ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n fi gbé e. Ọkùnrin yẹn gun ọ̀kadà dé, kò mú Bíbélì dání. Ó ní kí n yẹ àpótí owó wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé. Ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ló tó rí i ní gáréèjì pẹ̀lú àwọn ará rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n ti fi gbogbo owó náà mu ọtí.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bọ̀dá Kókó dúró lẹ́yìn ilé níbi igi ìdáná, ó ń wolẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Màmá, ẹ bá wa yọ owó ọjọ́ mẹ́ta náà." Mo yọ ọ́. Kò sí ohun tí mo rí sọ fún Bọ̀dá Kókó ju pé, "Iṣu ti jinná." Ó mú ọmọ-odó. Láti Sátidé yẹn, ìdajì ń lọ sínú àjọ.

Bí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì, 7 nínú 10 ni. Mo yọ méjì torí àbẹ̀wò ọ̀sán Ọjọ́rú, ọ̀kan torí pé wọn kì í kọ́ wọn níṣẹ́ kankan kí wọ́n tó rán wọn jáde: apá líle nìkan ni wọ́n ń kó wá. Ẹni tó bá fẹ́ gba èèyàn lọ́dọ̀ wọn, kó béèrè iye tí wọ́n lè san bí nǹkan bá sọnù, kó sì tètè sọ àkókò tí ọjà rẹ̀ máa ń gbóná.

Lánàá ni wọ́n tún pè mí. Obìnrin kan wà, ó lè fọ abọ́, ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Mo ní kó mú ọmọ náà dání, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kí lẹ́tà kọ́kọ́ dé kó tó dé.